Ilé tí Òṣùpá ti Níyì

Alága wa, Olóyè Fọlábí, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí síṣẹ́, tí ẹ tún wá jókòó lónìí láti rí i pé mo lọ lóòótọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Orúnkún ni kò jẹ́ kí ẹ rí i. Máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, ẹ kú ìjókòó. Alfa Abdulkabir, olùkọ́ wa, bàbá àdúrà ní Agége, àsàlámù àlékúmù. Pásítọ̀ tí ẹ wá láti Dopemu, ẹ káàbọ̀, Jésù yóò kí yín padà. Job, alága yúníọ̀nù, mo kí ọ. Ẹ̀yin ọmọ ṣíìfù àárọ̀ tí òógùn ò tíì gbẹ lára yín, ẹ̀yin ti ọ̀sán tí ẹ ń fi ojú kan wo èmi, tí ẹ ń fi èkejì wo agogo, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣa àfọ́kù ìgò lẹ́yìn géètì, tí ẹ kò lórúkọ nínú ìwé owó oṣù wa ṣùgbọ́n tí ìgò wa kò lè dá wà láìsí yín, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí mo bá pe ẹni ẹ̀yìn ṣáájú ẹni iwájú, ẹ fi jì mí. Ariwo ẹ̀rọ ló ti jẹ ètò inú orí mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi!

Nẹ́pà ti mú iná wọn lọ, máìkì sì ti kú. Ẹ má dààmú. Ohùn tèmi kì í lo iná, gbogbo ẹni tó bá ti bá mi ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí sí i.

Wọ́n ní kí n wá dágbére. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére púpọ̀ nínú káńtíìnì yìí, pàápàá láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, ti dé tí wọ́n ń dá àwọn èèyàn wa dúró ní ogún-ogún, ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Ẹni tó ń lọ á dúpẹ́, á sunkún díẹ̀, á gba àga tàbí aago ògiri, á sì máa lọ ilé. Èmi náà óò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tó ti há síbẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Ẹnì kan wà tó yẹ kí n pè ní ìyá mi, n kò sì tíì lè pè é. Mo ti gbìyànjú nílé, ahọ́n mi wúwo. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yá iyọ̀, mo sì padà. Mo ti wá sọ fún ara mi pé, Sànní, ìwọ tó jẹ́ pé níwájú èrò nìkan lo ti ń láyà, bí o kò bá pè é lọ́jọ́ tí wọ́n ń fẹ̀yìn rẹ tì, o kò ní pè é mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi jẹ ọ̀kan nínú yín.

Ẹ óò ní, kí ló pa ọ̀rọ̀ ìyá pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ ìgò? Ìràwọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fajú ro nínú mọ́sálásí wa, àti ẹ̀yin ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti ń mi orí, mo rí yín. Ẹ gbọ́ mi dé òpin ná.

Agége ni mo gbọ́njú sí, lẹ́yìn ìsọ̀ obì, nítòsí ojú irin, níbi tí ilé ti máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ bá ń lọ. Bàbá mi kó wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn. Obì ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń fi rélùwéè kó lọ sí òkè Ọya. Ìyàwó méjì ni wọ́n mú wá. Ìyálé ń jẹ́ Sùlíyá. Ìyàwó kékeré ń jẹ́ Uswat, ṣùgbọ́n Ìyá Simbiat ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Simbiat àbúrò mi ni wọ́n mọ̀ sí àkọ́bí rẹ̀. Èmi ni ọmọ Sùlíyá, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Wọ́n tọ́ mi bí ẹni ń tọ́ ọmọ ọba. Bí mo bá ṣẹ̀, wọ́n á nà mí; bí ẹlòmíràn bá nà mí, ìjà dé nìyẹn, Agége á gbọ́.

Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá tó bí Alfa Abdulkabir tó jókòó síbí yìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, pé kí wọ́n wo ìràwọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á gba orúkọ rẹ, wọ́n á gba orúkọ ìyá rẹ. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á máa yọ méjìlá-méjìlá kúrò níbẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ni yóò sọ èyí tó jẹ́ tìrẹ nínú ilé méjìlá ojú ọ̀run, àti ìràwọ̀ tó jẹ́ onílé níbẹ̀. Mo bi Alfa àgbà pé kí ló dé tí kì í ṣe orúkọ bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọdé, ìyá ló dájú.”

Sànní ọmọ Sùlíyá. Wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n yọ ọ́. Ilé Àkeekèé ni mo bọ́ sí, ilé Mírííhì, ìràwọ̀ pupa, ìràwọ̀ iná, ìràwọ̀ irin, ọ̀gá àwọn ológun. Ìyá mi ṣánpá. Wọ́n ní, “Mo ti sọ bẹ́ẹ̀! Inú ọmọ yìí kì í pẹ́ ru!”

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe lè gbé àgbàlagbà rìn. Lọ́dún 1965, ọdún tí ilé iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ dáná, wọ́n tò wá sí àgbàlá lọ́hùn-ún, wọ́n bi wá pé ta ló fẹ́ ṣiṣẹ́ nídìí ìléru. Gbogbo ọkùnrin wolẹ̀. Èmi nìkan ni mo nawọ́. Olóyè Fọlábí wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ yìí, ẹ̀rù iná ò bà ọ́?” Mo ní, “Ilé bàbá mi ni, sà.”

Ẹ̀yin àlejò wa, ìléru ìgò kì í ṣe ààrò tí ẹ lè pa kí ẹ sì tún tan. Kì í kú. Ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ tí ológun bá gbàjọba tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn wọlé, ó ń jó. Yanrìn lásán là ń dà sí i pẹ̀lú àfọ́kù ìgò, iná á jó o, á jó o, títí yanrìn yóò fi di omi, omi yẹn ni ẹ̀rọ á wá fọn di ìgò. Bí iná bá lọ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, omi náà á dì sínú ìléru bí àpáta, kò sì sí ẹni tó lè tú u mọ́. Ilé iṣẹ́ ti tán nìyẹn, oúnjẹ gbogbo wa ti tán. Ìdí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo dúró sí fún ọgbọ̀n ọdún, mo ń fi Mírííhì yangàn. Mo pariwo mọ́ yín, ẹ ní kí ló dé, mo ní ìràwọ̀ mi ni. Mo ju fìlà mọ́ akọ̀wé kan, mo ní ìràwọ̀ mi ni. Job yìí, nígbà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun, mo lé e kúrò nídìí ìléru lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, mo ní ọmọ Ìjẹ̀bú ò mọ iná, owó ló mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Ẹ óò gbọ́ láìpẹ́ pé n kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìràwọ̀ tí mo ń fi bú yín.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa rí. Náírà wọlẹ̀, ẹrù òkè òkun di àwòmọ́jú. Ológun kan lọ, òmíràn dé, èyí tó bá dé ní ká fún ìgbànú mọ́ra. Mo fún tèmi títí ihò fi tán lára rẹ̀. Síbẹ̀, iná wa ò kú. Ta ni kò jẹ́ ó kú? Ṣé ìjọba ni? Ṣé Nẹ́pà ni? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Abúlé Ẹ̀gbá nígbà tí kò sí epo bẹntiróò, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ ní owó oṣù tí ẹ ṣì ń gbá yanrìn tó dà sílẹ̀ jọ nítorí pé ẹ kò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹ kú iṣẹ́. Mo tún un sọ, ẹ kú iṣẹ́.

Lọ́dún 1990, Sùlíyá jáde láyé. Wọ́n ti gbó, wọ́n ti tọ́, ṣùgbọ́n ṣé ìyá máa ń gbó lójú ọmọ ni? Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, a jókòó láti pín ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Kì í ṣe nǹkan ńlá: aṣọ, àpótí, ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí mo rà fún wọn. Àlùfáà tó wá pín in bèèrè bí òfin ogún ṣe ní kó bèèrè, ó ní, “Ta ni ọmọ tí olóògbé fi inú ara rẹ̀ bí?”

Mo nawọ́.

Bàbá Àkànjí, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ti ń tògbé lórí àga, la ojú. Wọ́n ní, “Sànní, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀.”

Mo rò pé wọ́n ń lá àlá ni. Wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní, “Ogún là ń pín, Ọlọ́run ń gbọ́. Sùlíyá kò bí ọmọ tó yè. Ó ti sin ọmọ títí tí ẹkún fi gbẹ lójú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bí ọ, ìyá wa àgbà ní kí wọ́n gbé ọ fún ìyálé kí ó lè róhun gbé pọ̀n. A kó wá sí Agége, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá níbí, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Simbiat. Wọ́n dorí kodò. Simbiat bú sẹ́kún. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, kí ẹ sì fi mí rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín: mo ní, ìràwọ̀ mi ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Ìyá Simbiat níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ bí mi?”

Wọn ò gbójú sókè. “Èmi ni mo bí ọ. Sùlíyá ló ni ọ́.”

“Ẹ sì wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú mi, ẹ ò sọ nǹkan kan?”

“Kí ni kí n sọ? Mo ń gbọ́ ohùn rẹ láàárọ̀, mo ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Mo mọ ọjọ́ tí o jẹun yó àti ọjọ́ tí o ò jẹ. Ìyálé mi ò ní nǹkan mìíràn láyé yìí ju kí wọ́n máa pè é ní Ìyá Sànní lọ. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?” Wọ́n gbọn ẹ̀wà inú àtẹ. “Má wulẹ̀ pè mí ní nǹkan mìíràn o. Ìyá Simbiat ti mọ́ mi lára.”

Mo dìde, mo gba ọ̀dọ̀ Alfa Abdulkabir lọ. Mo ní kí wọ́n tún ìràwọ̀ mi wò. Sànní ọmọ Uswat. Kí wọ́n tó dá mi lóhùn, wọ́n na ọwọ́ sínú àpò kan, wọ́n kó ìdérí ìgò jáde, ìdérí ìgò oògùn tí a ń ṣe níbí yìí náà ni, wọ́n tò ó yípo lórí ẹní, ó pé méjìlá. Wọ́n ní, “Ilé ojú ọ̀run nìyí. Àwọn tó ń rìn nínú rẹ̀, méje ni, pẹ̀lú oòrùn àti òṣùpá. Sànní, báwo ni onílé méje ṣe máa pín ilé méjìlá?”

Èmi tí mo ń pín ṣíìfù fún yín, mo pín in títí, kò dọ́gba. Mo ní, “Ẹni tó bá lágbára jù ni yóò kó púpọ̀. Kí oòrùn mú mẹ́ta, kí òṣùpá mú mẹ́ta, kí àwọn yòókù máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi ṣe bárékè.”

Alfa ní, “O ti pẹ́ jù lábẹ́ ológun.”

Wọ́n wá fi ìka lé àwọn ìdérí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn, ilé kan péré ló ní, ilé Kìnnìún. Òṣùpá, ilé kan péré, ilé Akàn, òun àti oòrùn sì jọ ń lo ògiri kan. Àwọn márùn-ún tó kéré sí wọn ló ní méjì-méjì. Utárídù, akọ̀wé ọ̀run tí kì í jìnnà sí oòrùn, ní ilé kan lọ́tùn-ún ọba, ilé kan lósì: ilé Wúńdíá àti ilé Ìbejì. Tẹ̀ lé e níhà méjèèjì ni ti Àgùàlà, ẹlẹ́wà: ilé Òṣùwọ̀n níhìn-ín, ilé Màlúù lọ́hùn-ún. Tẹ̀ lé e ni ti Mírííhì, ilé Àkeekèé àti ilé Àgbò. Tẹ̀ lé e ni ti Mùṣítárì, adájọ́ onínúure, ilé Ọlọ́fà àti ilé Ẹja. Lẹ́yìn gbogbo wọn, lẹ́nu ibodè, Súhálì, àgbàlagbà tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ilé Òbúkọ àti ilé Apọnmi, méjèèjì fara kanra, wọ́n dojú kọ ààfin oòrùn àti òṣùpá gan-an, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé láti ìsàlẹ̀ àgbàlá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú. Ìdérí ìgò tí mo ti rí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí mo ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìwolẹ̀, ni mo ń wò bí ẹni tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Agbo ilé ni! Agbo ilé gidi bí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọba láàárín, ìjòyè lọ́tùn-ún lósì, arúgbó lẹ́nu ibodè. Ta ló tò ó bẹ́ẹ̀? Ta ló sọ fún ọba méjì pé ilé kọ̀ọ̀kan tó yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹni kékeré ní méjì? Kò sí ìràwọ̀ kan nínú méje tí kò nílé. Kò sì sí ilé kan nínú méjìlá tí kò lólúwa. Mo wà níbẹ̀ lórí ẹní, ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kì í ṣe ọmọ ẹni tó rò pé òun jẹ́, omi sì ń bọ́ lójú mi nítorí ìdérí ìgò.

Mo ní, “Ilé tèmi dà?”

Wọ́n fọwọ́ kan ti Akàn. “Ìwọ nìyí. Òṣùpá ni onílé rẹ. Ìràwọ̀ omi.”

“Omi? Èmi tí mo ti ń jẹ iná láti ọdún 1965?”

Wọ́n ní, “Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n sọ fún ọ. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wọlẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ kì í ti í jọ ni lójú. Ti òṣùpá, ilé Àkeekèé ni. Ibi tí a ti fi ọ́ sí láti kékeré gan-an nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu wọn. N kò dúró gbọ́ ọ. Mo fò dìde, mo jáde, mo gbàgbé bàtà mi síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ihò kan wà lára ìléru tí fọ́máànù bí èmi ń gbà wo inú rẹ̀, kó lè mọ̀ bí omi ìgò náà ṣe rí. N kò lè wò ó mọ́. Mo ń dúró lókèèrè, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan mìíràn. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Job mọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo lé lẹ́ẹ̀mẹta, ó sún mọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá, ojú yín ti ń rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín wò ó.” Ojoojúmọ́ ló ń wò ó, tó ń sọ ọ́ sí mi létí, “Ó ti ń pọ́n díẹ̀, Bàbá,” èmi á wá pariwo rẹ̀ síta bí ẹni pé èmi ni mo rí i. Kò bi mí léèrè ìdí. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Ẹ pàtẹ́wọ́ kí ó ró létí mi!

Lọ́dún tó kọjá, tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ tí ìlú dákẹ́, epo ìléru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Máníjà wa ló fi ọkọ̀ ara wọn wá epo kiri títí dé Ṣàgámù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, sà. Iná ń lọ sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo inú ìléru, Job sì ti lọ sílé ní Ìjẹ̀bú, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé e padà. Gbogbo yín ń wò mí. Mo rìn lọ. Mo gbójú lé ihò náà.

Kì í ṣe iná ni mo rí. Omi ni. Omi funfun, ó tẹ́ rẹrẹ, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń tàn láti inú ara rẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ kẹrìnlá. Ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin èèyàn mi! Omi ni mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, iná ni mo rò pé mo ń ṣọ́. Ẹ rò pé òógùn ló wà lójú mi lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òógùn nìkan.

Lóṣù tó kọjá ni mo tó lójú láti padà sọ́dọ̀ Alfa, pé kí wọ́n wá ṣe àdúrà níbi ayẹyẹ yìí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Bàtà rẹ ń kí ọ.” Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní, “O sá lọ láìgbọ́ ìyókù. Ìràwọ̀ tó ní ibi tó ti ń wọlẹ̀, ó ní ibi tó ti níyì. Òṣùpá ní ilé tirẹ̀, ti Akàn. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní fún un, tí iyì rẹ̀ ti ń ga jù lọ, kì í ṣe tirẹ̀. Ilé Màlúù ni, Àgùàlà ló sì ni ín.”

Wọ́n ní, “Ṣé o mọ̀ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn èèyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni? Kì í ṣe ajá òṣùpá. Onílé tó gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ ni. Sùlíyá ni Àgùàlà tìrẹ. Ilé rẹ̀ ni o ti níyì, kò sì sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, láàyè tàbí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òṣùpá bá ti ilé Àgùàlà jáde, Sànní, ṣé ó máa ń sọ pé òun ò nílé mọ́ ni? Láti ilé Màlúù dé ilé Akàn, ilé kan péré ló wà láàárín. Òṣùpá ò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi ń dé. Ìwọ ti lo ọdún márùn-ún lójú ọ̀nà.”

Wọ́n tún fi kún un, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń fajú ro: “Ìṣírò ọmọ ènìyàn ni gbogbo èyí. Bí ó bá jẹ́ irọ́ pátápátá, ìyẹn ò sọ ìyá rẹ di irọ́.”

Mo fẹ́ parí. Wọ́n ní Súhálì, arúgbó ẹnu ibodè yẹn, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń kọjá nínú ilé méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ tí mo ti nawọ́ nínú àgbàlá yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ti yí ayé ká. Gbogbo ariwo wa, ìyànṣẹ́lódì, Sáàpù, ìjọba tó ń ṣubú tó ń dìde, gbogbo ìgò tí a fọn tí ayé mu tán tó sì fọ́, ẹsẹ̀ kan ni lójú arúgbó yẹn. Bí mo bá ronú kàn án, mo máa ń fẹ́ jókòó sílẹ̀.

Ọlọ́run tó to ilé fún oòrùn kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin wà láìnílé. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ yín. Iná ìléru yìí ò ní kú lójú yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí ìràwọ̀ yín ti ń wọlẹ̀, ẹ óò rí Job tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ náà yóò mọ rírì yín. Ìjọba tí yóò dẹ ìgbànú fún wa, kí Ọlọ́run gbé e dé kíá. Àmín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàúsát ìyàwó mi. A ní kí wọ́n wá jókòó síwájú, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iwájú wà fún ìyá ọlọ́jọ́ òní, kì í ṣe fún àwọn. Bàbá Àkànjí ti sọ fún mi bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi ṣe rí. Sùlíyá ló jókòó sórí ẹní, èmi lọ́wọ́ wọn, gbogbo àdúgbò ń tò wọlé láti kí wọn. Ẹni tó fi ọjọ́ méjì rọbí mi wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ń fi aṣọ fún ọyàn rẹ̀ gbẹ. Kò sẹ́ni tó kí i. Títí di òní, ọgọ́ta ọdún, kò tíì sẹ́ni tó kí i.

Sùlíyá, ẹ fọwọ́ sí i níbi tí ẹ wà. Ilé yín ni mo ti níyì. Ṣùgbọ́n mo ń lọ sílé.

Ìyá Sànní!

Ẹ má wo ẹ̀yìn, Ìyá Sànní, ẹ̀yin ni mo ń pè. Fàúsát, bá mi fà wọ́n dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín, ìyá mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dìde, ṣíìfù àárọ̀, ṣíìfù ọ̀sán, ẹ bá mi kí wọn kí ohùn wa borí ẹ̀rọ. Ìyá Sànní, ẹ kú ewu ọmọ! Ẹ tún un pè! Ẹ kú ewu ọmọ!

Ìyá mi, ẹ kú ewu mi. Ẹ ṣé o.